Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, Olùkọ́ Àwọn Dókítà

Ẹ̀yin ọmọ Ìbèsè nílé àti lẹ́yìn odi, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Àrò nínú wa. Bí ènìyàn bá hùwà tí kò bójú mu, ẹ̀fẹ̀ tí a máa ń fi í ṣe ni pé kí á gbé e lọ sí Àrò. Ẹ̀fẹ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òkìkí ọkùnrin tí ó sọ ibẹ̀ di ibi àwòkọ́ṣe fún gbogbo ayé mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí á kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, pàápàá fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ní Abẹ́òkúta ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Ó ka ìwé ní Baptist Boys' High School ní ìlú náà, lẹ́yìn èyí ni ó rékọjá sí Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gba oyè dókítà ní 1948. Ó padà wálé ní 1950, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ.

Ìyà ńlá ni ó ń jẹ aláìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ilé ìtọ́jú wèrè tí ìjọba ṣí ní Yábàá ní 1907 jọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí kò sí dókítà kan tí ó kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe, àbà tàbí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni a fi ń de ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, pàṣán a sì máa bá a sọ̀rọ̀. A kò sọ èyí láti bú àwọn bàbá wa. Ẹni tí ó bá ti rí asínwín tí ó mú àdá lọ́wọ́ láàrin ọjà yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń dè é.

Ní 1954 tí Lámbò gba iṣẹ́ Àrò, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Dókítà mìíràn ìbá jókòó de àwọn bíríkìlà. Ṣùgbọ́n Lámbò tọ àwọn baálé abúlé tí ó wà nítòsí lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó yàrá. Òfin kan ni ó fi lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ìyàwó ni o, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀. Bí ọjọ́ bá rọ̀, aláìsàn a padà sí abúlé, a bá àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣeré, a bá wọn lọ sóko bí ara rẹ̀ bá gbà á. Àwọn ará abúlé pẹ̀lú jẹ àǹfààní, nítorí pé ilé ìwòsàn bá wọn tún omi àti ìmọ́tótó àyíká wọn ṣe.

Ohun tí ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu jù ni pé ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà pé dókítà tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ń bá babaláwo jókòó. Lójú tiwa, ọgbọ́n gidi ni. Kò gbé abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí ó wá lọ́dọ̀ wọn ni ìmọ̀ bí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ṣe ń ronú nípa àìsàn, àti bí a ṣe ń kó ènìyàn jọ pọ̀ di ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìjọba tún fi ọ̀ràn àwọn ọmọ Nàìjíríà tí orí wọn dàrú lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ́wọ́. Ó rí i pé ẹ̀rù ìdánwò àti ẹ̀rù àwọn ará ilé tí ń ṣepè tàbí tí ń ṣàjẹ́ máa ń dàpọ̀ mọ́ra lọ́kàn wọn. Kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lókè òkun lónìí má ṣe rò pé àwọn nìkan ni oorun ń dá lójú.

Ní 1961, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà pàdé ní Abẹ́òkúta, ìpàdé irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún náà gan-an ni òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwádìí káàkiri àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Tigani El-Mahi, ọmọ Sudan, wá bá a ṣiṣẹ́ ní Àrò. Ní 1963 ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àrùn ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀; Tolani Asuni, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ni ó fi Àrò lé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, dókítà tí ó bá jáde ní Ìbàdàn ti kọ́ pé wèrè pẹ̀lú ní ìyá, ó ní iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ní ibi tí yóò padà sí.

Ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní 1966, ó sì di Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì náà ní 1968. Ipò kejì yìí kò rọgbọ fún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1971, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹ̀hónú hàn nítorí oúnjẹ, ọlọ́pàá yin ìbọn pa ọ̀kan nínú wọn, Kúnlé Adépẹ́jú. A kò lè kọ ìtàn yìí kí á fo ikú ọmọ náà, nítorí pé abẹ́ àkóso Lámbò ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tu ọkàn tí ó dàrú lójú rí agbo ọ̀dọ́ tí inú ń bí, apá kò sì ká a.

Ní ọdún náà ni ó bọ́ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, ó sì jẹ́ igbákejì olórí àjọ náà láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni 81 ọdún.

Ní 2019, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ṣì rí aláìsàn ọpọlọ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, nínú ilé ìsìn àti nílé àwọn oníṣègùn. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni a tó fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, láti rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ tí ó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó. Ilé ìwòsàn Àrò ṣì wà níbi tí ó wà, ó ń gba aláìsàn, ó sì ń kọ́ àwọn dókítà ọ̀dọ́.