Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń yí ọwọ́ spíìdómítà wa

Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó wà ní Ibafo, Mowe tàbí Ifọ̀, kí ẹ yọjú wo dáṣíbọọ̀dù àwọn ọkọ̀ tó ti dàgbà nílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí spíìdómítà tí ọwọ́ ẹ̀ ti kú sórí òdo. Àwọn tó ní ọkọ̀ spọ́ọ̀tì àtijọ́, bíi MGB, ló máa ń dùn jù, torí pé ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, eré ló rà. Ìbéèrè wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ká tún ti àtijọ́ yìí ṣe ni, àbí ká yọ ọ́ dànù, ká fi oní-kọ̀ǹpútà sí i? Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Ó kú kí ẹnikẹ́ni tó ṣe mọ́tò tó ń lo epo bẹntiróòlù jáde, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló wà nínú ti àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ nínú tuntun.

Michael Faraday lorúkọ ẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù September 1791 ni wọ́n bí i sí Newington Butts, tó ti di ara Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Alágbẹ̀dẹ ni James bàbá ẹ̀, àmọ́ àìsàn ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n lọ́dún 1801, búrẹ́dì kan ni wọ́n fún Michael pé kó fi jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ilé ìwé tó lọ ò ju kíkà, kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ lọ.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Riebau, tó ń ta ìwé, tó sì ń di ìwé. Ọdún méje ni àdéhùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń dúró de fírídọ̀ọ̀mù lónìí mọ bí ọdún méje ṣe ń gùn tó. Ìwé táwọn oníbàárà kó wá pé kó bá wọn dì ni Michael ń ṣí kà. Ibẹ̀ ló ti ka ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nínú Encyclopaedia Britannica, ó sì ka ìwé tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Jane Marcet kọ nípa kẹ́mísìrì. Owó kékeré tó bá rí, ohun tí yóò fi dán ohun tó kà wò ló ń fi í rà. Ọ̀gá ẹ̀ ò lé e, kò gbá a létí pé iṣẹ́ ń pẹ́. Mo fẹ́ràn Riebau yìí. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá wa ló máa gbà bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy ní Royal Institution. Davy ni gbajúmọ̀ onísáyẹ́ǹsì ìlú nígbà náà. Faraday kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dì í dáadáa, ó wá fi ránṣẹ́ sí Davy. Ọjọ́ kìíní oṣù March 1813 ni wọ́n gbà á síṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì fún un ní yàrá méjì lókè ilé.

Ẹ má rò pé ìyà tán. Lọ́dún náà, Davy àti ìyàwó ẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ ọ̀dọ̀ Davy ò fẹ́ lọ, ni wọ́n bá ní kí Faraday máa ṣe ti ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Madam ò sì jẹ́ kó gbàgbé ipò tó wà. Lọ́dún 1824, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á sínú ẹgbẹ́ Royal Society, Davy tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ló ta kò ó. Ọmọ iṣẹ́ ti fẹ́ ga ju ọ̀gá. Wọ́n dìbò, ìbò kan ṣoṣo ló lòdì sí i, ó wọlé.

Ọdún yẹn kan náà ni François Arago, ará Faransé, rí ohun tó rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú. Òòfà kì í fa bàbà, gbogbo ayé mọ̀. Àmọ́ tí èèyàn bá ń yí àwo bàbà lábẹ́ abẹ́rẹ́ òòfà, abẹ́rẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Kí ló ń fà á? Faraday ló tú u lọ́dún 1831. Ní ọjọ́ 29 oṣù August, ó we wáyà méjì mọ́ òrùka irin kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó so ọ̀kan mọ́ bátìrì. Bó ṣe so ó, iná ta nínú èkejì, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó já a ló tún ta. Ohun tó yé e ni pé òòfà tó dúró jẹ́ẹ́ kì í bí iná nínú wáyà, àfi kí nǹkan máa yí tàbí kó máa rìn. Lóṣù October, ó yí àwo bàbà láàárín ẹnu òòfà ńlá kan, iná sì ń jáde láìdúró. Iná tó ń bí nínú bàbà yìí ló ń sọ bàbà di òòfà fúngbà díẹ̀. Òun ló ń wọ́ abẹ́rẹ́ Arago.

Ẹ wá wo spíìdómítà yín. Lọ́dún 1902, Otto Schulze ní Strasbourg, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀. Wáyà gígùn kan wá láti inú gíà, ó ń yí òòfà kékeré lẹ́yìn aago náà. Ife alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ bo òòfà yẹn, wọn ò fara kan ara wọn. Bí òòfà bá ń yí, iná Faraday á bí nínú ife, ife á fẹ́ tẹ̀ lé e, sípíríìngì tín-ín-rín á dá a dúró. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni ọwọ́ aago ṣe ń lọ tó. Kò lo bátìrì rárá.

Ibi tó ti lè pa èèyàn rèé. Òòfà tó ti pẹ́ máa ń rẹ̀. Tó bá rẹ̀, kò ní lè wọ́ ife bó ṣe yẹ, aago á sọ pé 80 nígbà tí ọkọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, irọ́ kan náà ló máa pa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá ló sì jẹ́ pé máìlì ni wọ́n ń kà: 80 tó wà níbẹ̀, bíi kìlómítà 129 ni, bẹ́ẹ̀ 100 ni òfin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ ronú èyí ní Ibafo, níbi tí èèyàn ti ń sáré kọjá títì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fún òòfà náà lágbára padà. Ẹ ní kó wo nọ́ńbà kékeré ojú aago náà. Tó bá jẹ́ 1000, wáyà gbọ́dọ̀ yí nígbà 1000 nínú máìlì kan.

Tó bá jẹ́ tuntun lẹ fẹ́, àwọn kan máa ń fi ojú aago àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ inú ẹ̀. Wọ́n á wá fi sẹ́ńsọ̀ sára gíà. Oríṣi sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ kan ni òòfà tí wọ́n we wáyà mọ́, tí eyín irin ń kọjá níwájú ẹ̀. Bí eyín kan bá ṣe kọjá, iná kékeré á ta. Iṣẹ́ oṣù August 1831 gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń lo GPS yà lọ́tọ̀. Èmi á kọ́kọ́ tún ti àtijọ́ ṣe, tí òòfà ẹ̀ bá ṣì gbà.

Faraday ò fi gbogbo èyí di olówó. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di Sir, ó kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó jẹ́ ààrẹ Royal Society, ó kọ̀. Nígbà ogun Crimea, ìjọba fẹ́ kó bá wọn ṣe gáàsì olóró, ó ní òun ò ní lọ́wọ́ sí i. Ìṣirò ńlá ò yé e títí ayé. James Clerk Maxwell ló wá sọ èrò ẹ̀ di ìṣirò. Lọ́jọ́ ogbó, ìgbàgbé dà á láàmú púpọ̀. Òun àti Sarah ìyàwó ẹ̀ ò bímọ, wọ́n sì ń gbé nínú ilé tí Ọbabìnrin Victoria fún wọn ní Hampton Court. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 25 oṣù August 1867. Wọ́n sin ín sí Highgate, sínú ibojì tí kò ní ìṣẹ̀ṣọ́ kankan. Ó lé ní ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà kí Karl Benz tó gba ìwé-àṣẹ mọ́tò ẹ̀.