Robert Warington, Ẹni Tí Ó Fi Ewéko Tún Omi Ẹja Ṣe

Bí ẹ bá bi àwọn tí ń sin ẹja sínú gíláàsì nínú ilé léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé ewéko lè tún omi ẹja ṣe, àfàìmọ̀ ni wọn kò ní dárúkọ Robert Warington. Ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí lè má mọ̀ ọ́n, nítorí kì í ṣe onímọ̀ èdè. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló ti ṣiṣẹ́, ó sì ti kú láti ọdún 1867. Ìdí méjì ni mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Èkíní ni pé ohun tí ó ṣe kò gba iná mànàmáná rárá, ẹni tí ó bá ń gbé Sẹ̀kọnà bí tèmi sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èkejì ni pé orúkọ tí gbogbo ayé ń pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ sì rèé, tiwa ni.

Ìlú Sheerness ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Warington ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1807. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀, Thomas, ni pípèsè oúnjẹ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ní 1818 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Merchant Taylors' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1822, nígbà tí ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fà á lé onímọ̀ kẹ́mísírì kan lọ́wọ́, J. T. Cooper, pé kí ó kọ́ iṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ṣe ń jí gbálẹ̀ ilé ọ̀gá kí ó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ yóò mọ irú ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ. Warington kò gba oyè yunifásítì kankan kí ó tó di onímọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló ti kọ́ ohun tí ó mọ̀.

Nígbà tí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní 1828, Edward Turner, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ibẹ̀, mú un ṣe olùrànlọ́wọ́. Ní 1831 ó kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ọtí bíà Truman, Hanbury àti Buxton, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1839. Lójú tèmi, ọdún mẹ́jọ tí ó lò nídìí ọtí kì í ṣe àṣedànù. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ọtí tí ń hó nínú àgbá yóò mọ̀ pé ohun alààyè kékeré lè yí omi padà, yálà sí rere tàbí sí búburú, àti pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè kánjú tó, ohun tí yóò gba àkókò yóò gbà á.

Ọdún 1839 yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Nígbà náà, kò sí ẹgbẹ́ kan pàtó fún àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Lọ́ńdọ̀nù. Warington rìn, ó kọ lẹ́tà, ó bẹ àgbà, ó bẹ ọmọdé, títí tí wọ́n fi dá Chemical Society sílẹ̀ ní 1841. Thomas Graham ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Warington gba ipò akọ̀wé, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ̀ pé orúkọ ààrẹ ni àwọn ènìyàn ń rántí, ṣùgbọ́n akọ̀wé ni kì í sùn.

Ní 1842, Ẹgbẹ́ Àwọn Apoògùn gbà á síṣẹ́ ní gbọ̀ngàn wọn ní Blackfriars. Òun ni wọ́n gbé yàrá ìpoògùn lé lọ́wọ́, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí di 1866. Àyẹ̀wò wà lára ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jùlọ. Ní 1844 ó yẹ tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti Ṣáínà wò, ó sì fi hàn pé aró búlúù ni wọ́n fi ń kun púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó lè fa ojú oníbàárà mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọkùnrin yìí kì í gba ohun tí ojú rí gbọ́ títí yóò fi yẹ inú rẹ̀ wò.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ ohun kan nípa afẹ́fẹ́. Ní 1771, Joseph Priestley rí i pé bí àbẹ́là bá jó nínú ìgò tí a dé pa títí tí ó fi kú, tí a wá fi ẹ̀ka ewé míǹtì sínú afẹ́fẹ́ náà fún ọjọ́ mélòó kan, àbẹ́là yóò tún lè jó níbẹ̀. Ní 1779, Jan Ingenhousz fi kún un pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewéko ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹranko ń mí ọ́síjìn sínú, ó ń mí carbon dioxide síta. Ewéko tí oòrùn bá tàn sí ń gba carbon dioxide, ó sì ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Ìbéèrè tí Warington gbé kalẹ̀ ni pé: bí a bá ti ẹja àti ewéko mọ́ inú omi kan náà, ṣé wọn yóò lè máa gbé ara wọn ró láìsí pé a ń pààrọ̀ omi?

Ìbéèrè náà kì í ṣe eré. Inú abọ́ gíláàsì roboto ni àwọn ènìyàn ń sin ẹja góòlù sí nígbà náà. Bí wọn kò bá tètè pààrọ̀ omi rẹ̀, ọ́síjìn yóò tán, ẹja yóò máa yọ ẹnu sókè, yóò sì kú. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ wà nínú ìnira omi. Ní 1849, onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn níbẹ̀, ìdọ̀tí gbogbo ìlú sì ń ṣàn sínú odò Thames, tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ Warington. Ohun tí ń sọ omi di májèlé àti ohun tí ń sọ ọ́ di mímọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ní ìlú náà.

Ọdún 1849 yìí gan-an ni Warington wá àpótí onígíláàsì kan tí ó ń gba gálọ́ọ̀nù 12, tí ó fi díẹ̀ ju omi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì lọ. Ó da iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, ó to òkúta ńlá sí i kí ẹja lè rí ibi sá pamọ́ sí. Ó gbin Vallisneria spiralis, ewéko inú omi tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Lẹ́yìn náà ló kó ẹja góòlù kékeré méjì sí i, ó sì ń wò wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn ewé tí ó ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé bo ara gíláàsì, omi dàrú. Ẹlòmíràn ì bá ti da omi náà nù kí ó sì parí ọ̀rọ̀. Warington ro ó lọ síbi adágún inú igbó. Ewé ń gbó níbẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ta ló wá ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́? Ó wá ìṣáwùrú márùn-ún tàbí mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Limnaea stagnalis, ó kó wọn sínú àpótí náà. Àwọn ìṣáwùrú jẹ ewé jíjẹrà àti ohun yíyọ̀ náà, omi sì mọ́. Wọ́n tún yé ẹyin púpọ̀, àwọn ẹja sì ń fi àwọn ọmọ wọn ṣe oúnjẹ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà di ti ẹni mẹ́ta. Ewéko ń fún ẹja ní ọ́síjìn, ẹja ń fún ewéko ní ohun tí yóò fi dàgbà, ìṣáwùrú ń gbá ilé, ó sì ń bọ́ ẹja. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò sì wọ akèǹgbè. Warington kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe rí i, ìwé ìròyìn Chemical Society sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1850.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi ohun alààyè inú omi sínú gíláàsì. Ní nǹkan bí 1832, ní Sicily, obìnrin ará Faransé kan, Jeanne Villepreux-Power, ti ń lo àpótí onígíláàsì láti fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ohun tí Warington fi kún un ni àlàyé. Ó sọ ìdí tí omi fi ń mọ́, ó sì sọ ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe kí tirẹ̀ náà lè mọ́.

Láti 1852 ó ń gbìyànjú irú rẹ̀ pẹ̀lú omi òkun. Àkókò kan náà ni Philip Henry Gosse ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Gosse mọ ìwé kọ púpọ̀, ó sì mọ àwòrán yà. Ní oṣù karùn-ún 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí Ilé Ẹja rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 1854, Gosse gbé ìwé rẹ̀, The Aquarium, jáde, ìwé náà sì mú kí àpótí ẹja di àṣà nínú pálọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, oríṣiríṣi orúkọ gígùn ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Gosse mú ọ̀rọ̀ Látìn kan, aquarium, tí ó túmọ̀ sí ibi tí ẹran ọ̀sìn ti ń mu omi, ó fi ìtumọ̀ tuntun wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ lórí ìmọ̀ ìtumọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó sáábà máa ń ru ẹrù tuntun. Bí iṣẹ́ Warington ṣe gba orúkọ lọ́wọ́ Gosse nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé Gosse náà ló ni iṣẹ́.

Ní 1864 wọ́n yan Warington sínú Royal Society. Ní 1866 àìlera mú kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú ní Budleigh Salterton ní Devon, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá 1867, ní ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan tí a bí ní 1838, tí òun náà ń jẹ́ Robert. Ọmọ yìí di onímọ̀ kẹ́mísírì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Rothamsted. Ohun tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ni bí ammonia ṣe ń di nitrate nínú ilẹ̀. Ó fi hàn pé ìpele méjì ni iṣẹ́ náà, àti pé ohun alààyè tín-tìn-tín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ìpele kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú iyanrìn àpótí ẹja. Ara ẹja ni ammonia ti ń jáde, májèlé sì ni. Àwọn ohun alààyè wọ̀nyí ń sọ ọ́ di nitrite, wọ́n ń sọ nitrite di nitrate, ewéko sì ń jẹ ẹ́. Bàbá rí i pé omi mọ́, ó mọ iṣẹ́ ewéko àti ti ìṣáwùrú. Ọmọ ló wá rí òṣìṣẹ́ kẹrin tí ojú bàbá kò rí.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún àwọn ojúgbà mi pé kí wọ́n má ṣe rò pé olówó nìkan ni àpótí ẹja wà fún. Èyí tí mo ní nílé wa ní Sẹ̀kọnà, àwọn tí ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ló gé gíláàsì rẹ̀, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù lẹ̀ ẹ́. Kò ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, nítorí iná tí a kò lè gbọ́kàn lé kọ́ ni mo fẹ́ fi ẹ̀mí ẹja sí lọ́wọ́. Ìlànà Warington ni: iyanrìn tí a fọ̀ dáadáa, omi kànga, ewéko púpọ̀, ẹja díẹ̀, ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí ewéko lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú omi kí ẹja tó wọ̀ ọ́, kí òṣìṣẹ́ kẹrin lè rí àyè pọ̀ sí i.

Ewéko kò jìnnà sí wa. Ojúoró àti òṣíbàtà tí àwọn àgbà fi ń ṣe àdúrà pé kí ènìyàn lékè, ewéko inú omi ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ojúoró bo gbogbo ojú omi, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀. Ti ìṣáwùrú náà gba ìṣọ́ra: irú kan nínú odò wa ló ń gbé aràn tí ń fa àtọ̀sí ajá, aràn náà sì máa ń gba ara wọlé nínú omi. Ẹ má ṣe wọ odò láti lọ kó o. Èyí tí a bí, tí a sì tọ́ nínú àpótí ẹlòmíràn ni kí ẹ gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí mo bá sọ pé àpótí ẹja lọ́jà Ẹdẹ, páálí ẹja yìnyín ni wọn yóò gbé fún mi. Gosse lọ síbi tí màlúù ti ń mumi kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Adágún ni èmi ń rò, omi tí ó dá gún síbì kan, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, adágún ilé ni mò ń pe tèmi. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kí abala tó ń bọ̀ tó jáde.