Ọba Richard Kẹta àti Àwọn Ọmọ Tí A Fi Sí Ìkáwọ́ Rẹ̀

Ìtàn tí a mú wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí ni ti Richard Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò lò ju ọdún méjì àti nǹkan bí oṣù méjì lọ lórí oyè.

Ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 1452 ni a bí i ní Fotheringhay. Ọmọ ọdún 8 péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sójú ogun, nítorí ìdílé York àti ìdílé Lancaster ń du adé. Ní ọdún 1461, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Edward Kẹrin, jọba. Richard sì sin ẹ̀gbọ́n yìí tọkàntọkàn. Nígbà tí ọ̀tá lé Edward kúrò nílùú ní ọdún 1470, Richard bá a sá lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1471 wọ́n jọ padà wá, wọ́n jà, wọ́n sì ṣẹ́gun. Lẹ́yìn èyí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àkóso ìhà àríwá, ó sì ní orúkọ rere níbẹ̀.

Ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, ọdún 1483 ni Edward wàjà. Ọmọ ọdún 12 ni àrólé rẹ̀, nítorí náà a fi Richard, àbúrò bàbá rẹ̀, ṣe adelé títí ọmọ yóò fi dàgbà. Richard mú un wá sí Ilé-Ìṣọ́ London, níbi tí àwọn ọba máa ń wọ̀ sí kí a tó dé wọn ládé. Àbúrò ọmọ náà, ọmọ ọdún 9, wà lọ́dọ̀ ìyá wọn tí ó ti sá di ilé Ọlọ́run ní Westminster. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury wà nínú àwọn tí ó rọ ìyá náà títí ó fi yọ̀ǹda rẹ̀ ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 22, oníwàásù kan kéde ní gbangba lẹ́bàá ìjọ St. Paul pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọmọ tí ó lè jogún oyè. Ní ọjọ́ 26, Richard fúnra rẹ̀ gorí ìtẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ẹnikẹ́ni kò rí àwọn ọmọ náà mọ́.

Ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọ́ ẹjọ́ yìí, àwọn òpìtàn sì ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Richard ni àwọn ọmọ náà wà, kò sì mú wọn jáde kí ayé rí wọn.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe òfin rere. Ní ọdún 1484 ó fòpin sí owó tí àwọn ọba ń fi ipá gbà lọ́wọ́ oníṣòwò, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn. Ó fi àyè gba onídùúró fún ẹni tí a fura sí, ó sì kọ̀ kí a gba ẹrù ẹnikẹ́ni kí a tó dá a lẹ́bi.

Ní ọdún kan náà ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kú. Ní oṣù kẹta ọdún 1485 ìyàwó náà tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, Henry Tudor gbé ogun kò ó ní Bosworth. Ọmọ ogun William Stanley yí padà sí i lójú ìjà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Richard kò sá. Ó jà bí akọni títí ó fi ṣubú, ní ẹni ọdún 32.

Ní ọdún 2012 ni a rí egungun rẹ̀ lábẹ́ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní Leicester. Ní ọdún 2015 a tún un sin sínú ìjọ ńlá ìlú náà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìdálẹ̀ yìí ni ó ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò, tí owó olóògbé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Richard ní ìgboyà, ó ní ọgbọ́n òfin. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún tí ó ju 500 lọ, ohun tí ayé kọ́kọ́ ń bèèrè nípa rẹ̀ ni ibi tí àwọn ọmọ náà wà. Kí Olúwa má jẹ́ kí a bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí a má rí èsì fọ̀. Àmín.