Padre Antonio: Ẹni tó ṣọ́ ìjọ Àgùdà l'Ékòó kí fáda tó dé

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Badagry kọjá ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko lónìí yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré kọ́. Kàtídírà Holy Cross tó wà ní Erékùṣù Èkó ni ìyá gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọparun ni wọ́n fi kọ́ ilé àdúrà tí ìjọ náà kọ́kọ́ ní l'Ékòó, ẹni tó sì ṣe kòkáárí rẹ̀ kì í ṣe fáda. Padre Antonio ni gbogbo ìlú ń pè é.

Ẹrú ni Antonio tẹ́lẹ̀ kó tó gba òmìnira. Nígbà tó dé Èkó, ó bá àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil dé pàdé, wọn kò sì ní àlùfáà kankan. Òun ló ń kó wọn jọ gbàdúrà lọ́jọ́ Àìkú. Òun ló ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ tuntun, òun náà ló ń gbàdúrà sin òkú.

Lọ́dún 1863, Fáda Francesco Borghero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó fi Wìdà ṣe ibùjókòó, wá sí Èkó. Ìjọ tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Nígbà tí Fáda Pierre Bouche wá fìdí kalẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1868, Antonio kò bá a du ipò. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló fa ìjọ lé e lọ́wọ́.

Ọdún 1878 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́. Àwọn Àgùdà fúnra wọn ló fi iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ní Brazil kọ́ ọ. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn ọ̀gá tó darí iṣẹ́ náà.

Ilé yẹn náà ti dìtàn. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1939. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n tún wó Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó lókìkí ní Ìta Tinúbú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan tó ní ilé àtijọ́ ronú dáadáa kó tó gbé kátápílà dé ìdí ògiri. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ bíríkìlà àti káfíńtà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún èyí tó ṣeé tún ṣe ṣe. Kò sí ẹyọ ọparun kan tó ṣẹ́ kù nínú ilé àdúrà Antonio tí bàbá lè fi han ọmọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù.