Bala Usman, Òpìtàn Tí Ó Tú Àṣírí Àwọn Tí Ń Fi Ẹ̀sìn Bojú

Ní Odògbólú, kì í ṣe ohun àjèjì pé kí ìyàwó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọkọ máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí àwọn méjèèjì sì jọ pín ẹran ọdún Iléyá fún aládùúgbò. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìjà ẹ̀sìn kò lè kan òun láéláé. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ ìtàn Ọ̀mọ̀wé Yusufu Bala Usman lónìí, ọmọ Katsina tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005.

Ọdún 1945 ni a bí i sí ìdílé ọba. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ọmọ ààfin ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn mẹ̀kúnnù ni ó gbé lérí. Nígbà tí ìjọba ológun yan àádọ́ta ènìyàn ní ọdún 1975 láti kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun, ó wà lára wọn. Olóyè Awólọ́wọ̀ kọ̀ láti jókòó, ó ku mọ́kàndínláàádọ́ta. Nínú àwọn wọ̀nyí, Bala Usman àti Ọ̀mọ̀wé Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà ti Yunifásítì Ifẹ̀ kò fara mọ́ èrò àwọn ìyókù. Àwọn méjèèjì kọ ìwé tiwọn ní ọdún 1976, wọ́n ní òfin tí kò bá dáàbò bo oúnjẹ, ẹ̀kọ́ àti ìlera tálákà, àwọn olówó ni yóò ṣe láǹfààní. Ìjọba kò gbà á.

Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ PRP ti Mallam Aminu Kano gba ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna, Bala Usman sì di akọ̀wé ìjọba lábẹ́ Gómìnà Balarabe Musa. Ìjọba náà fagi lé owó-orí mẹ̀kúnnù àti owó-orí màlúù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NPN ni ó pọ̀ jù ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì yọ gómìnà náà nípò ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1981.

Nígbà náà, iná mìíràn ti ràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, rògbòdìyàn Maitatsine pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Kano. Ní oṣù Kẹta ọdún 1987, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kafanchan lórí ìwàásù kan, ó sì tàn dé Kaduna, Zaria àti Katsina. A sun ilé ìjọsìn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọdún yẹn gan-an ni Bala Usman gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ti ń lo ẹ̀sìn ní ìlòkulò ní Nàìjíríà láti ọdún 1977. Ó ní àwọn alágbára tí ń jẹun lórí kọ́ńtíráàkì àti iṣẹ́ alárinà fún oníṣòwò òkèèrè kò lè jáde síta kí wọ́n wí fún tálákà bí wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n níláti bojú. Ẹ̀sìn sì ni agọ̀ tí wọ́n gbé wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mùsùlùmí ni òun fúnra rẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan pè é ní ọ̀tá ẹ̀sìn. Nígbà tí ó yá, ó bí àwọn ará gúúsù pàápàá nínú. Ó ní erùpẹ̀ tí odò Ọya àti Benue ń wọ́ bọ̀ láti òkè ni ó di ilẹ̀ tí epo wà, nítorí náà gbogbo Nàìjíríà ni ó ni epo. Ó tún ní Yorùbá kò fìgbà kan wà lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo kí Òyìnbó tó dé.

Àwa kò gbà pé gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ìmọ̀ nípa erùpẹ̀ kò fọ omi tí epo bàjẹ́ mọ́. Ìjẹ̀bú dá kojú ìbọn Òyìnbó ní Ìmágbọn ní ọdún 1892, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìní ọba kan náà kò ní kí a má jẹ́ ọmọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń bínú nítorí ìgbàgbọ́ ni a fi owó rà.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ogun Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri. Ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ní Odògbólú, ọmọ Hausa, ọmọ Igbo àti ọmọ Yorùbá ti jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀. Nígbà tí ìdìbò bá dé, tí olóṣèlú kan bá sì ń ka ìwé mímọ́ sí wa létí, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ọ̀nà, omi àti ilé-ìwé. Bí kò bá rí èsì fún wa, a ti mọ ẹni tí ó wà nínú agọ̀.