Àìná Ọnàbólú: Akọ̀wé tó fi àwòrán ojú ènìyàn dá àwọn amúnisìn lóhùn

Ní ọdún 1906, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 24 kan ní Èkó mú ọ̀dà olómi, ó sì ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ọ̀kan lára àwọn gbajúmọ̀ obìnrin ìlú náà. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà kò ní í béèrè ẹni tó wà nínú àwòrán ọ̀hún. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó amúnisìn gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá agbára aláwọ̀ dúdú. Kò sì sí olùkọ́ kankan tó kọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà.

Àìná Ọnàbólú ni orúkọ rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1882, Èkó ló sì ti kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Caxton House. Akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọ ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà ń wá. Àwòrán yíyà kò sí lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ pàápàá, ìbọ̀rìṣà ni ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì kà á sí.

Ìwé di olùkọ́

Ọnàbólú kò dúró de olùkọ́. Àwọn àwòrán inú ìwé ìròyìn òyìnbó, ìwé ẹ̀sìn àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló ń wò yà. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sí apá kan ojú tí òjìji sì ń bo apá kejì, àti bí ojú, imú àti ẹnu ṣe jìnnà síra wọn.

Ó di akọ̀wé lábẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò fi àwòrán sílẹ̀. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì ní Èkó, títí kan Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà.

Ní ọdún 1920, ó ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa iṣẹ́ ọnà, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ẹni ọdún 38 ni, síbẹ̀ kò tijú láti tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood Art School, ó sì tún kọ́ sí i ní Académie Julian ní Paris. Ní ọdún 1922, ó padà sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Olùkọ́ kan ṣoṣo láàrin ìlú

Láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn ní Èkó ni Ọnàbólú ti ń kọ́ni, lára wọn ni King's College àti CMS Grammar School. Ó ń fi han àwọn ọmọ bí ohun tó wà nítòsí ṣe ń tóbi lójú tí èyí tó jìnnà sì ń kéré, àti bí etí ọ̀nà méjèèjì ṣe ń jọ pé wọ́n pàdé lókèèrè. Ẹ̀kọ́ yìí ló mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa pè é ní Mr Perspective.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọnàbólú bẹ ìjọba pé kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá, Kenneth Murray sì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927.

Ṣùgbọ́n èrò àwọn méjèèjì kò bára mu. Murray gbà pé bí ọmọ Nàìjíríà bá ń yàwòrán bí òyìnbó, iṣẹ́ ọnà baba rẹ̀ lè parun. Ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́ ìbílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn: òun ló léwájú nínú dídá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1957. Ní ti Ọnàbólú, ìmọ̀ kò ní àwọ̀ ara. Ohun tí ojú ènìyàn kan lè rí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè ṣe, ojú àti ọwọ́ ẹlòmíràn lè ṣe é.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí ojú wọn jọ ti ènìyàn gidi. Àwọn baba ńlá ti rọ wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí òyìnbó tó dé. Kì í ṣe àjèjì ni Ọnàbólú mú wọlé. Ohun tó ti wà nílé rí ni.

Ben Enwonwu, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Murray gan-an, tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, òun ni ó ṣe ère Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ní kò lè ya ojú ènìyàn ni olórí ilẹ̀ amúnisìn jókòó fún.

Ọnàbólú kú ní ọdún 1963, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí kò rí ẹni kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó lónìí pẹ̀lú pẹ́ńsù níwájú ojú ènìyàn, ọ̀nà tí Ọnàbólú là ló ń tọ̀.