DÓKÍTÀ ÒGÚNTỌ́LÁ SÀPÁRÀ ÀTI ÀRÙN ṢỌ̀PỌ̀NÁ

Ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká, àwọn baba ńlá wa kì í dédé dárúkọ ṣọ̀pọ̀ná. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná, kí ó má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó yà sílé wọn. Ẹni tó kọjú sí ẹ̀rù yìí ni Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa mọ̀.

Freetown ni wọ́n bí i sí ní 1861. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú tí ó sì gba òmìnira. Àwọn Ìjẹ̀ṣà náà sì ni àwa Èkìtì jọ ja ogun Kírìjì. Williams ni wọ́n ń pè é ní kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbàwé ẹ̀rí ní 1895, ó sì wọṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ní 1896.

Ìmọ̀ nípa àrùn yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Sàpárà ni Ar-Razi, Mùsùlùmí oníṣègùn ilẹ̀ Páṣíà, ti kọ ìwé tó fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ṣọ̀pọ̀ná àti èéyi. Àjẹsára sì ti wà láti 1796. Kí ló wá dé tí àrùn náà kò fi dẹ̀yìn nílẹ̀ wa?

Sàpárà fura sí àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná. Àwọn ló ń sin òkú ẹni tí àrùn náà pa, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó bá wọn wọ awo ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: ọkùnrin yìí kì í ṣe Mùsùlùmí, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ wọ awo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀! Ohun tó bá bọ̀ ni pé wọ́n ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì fi ń kó àrùn ran àwọn ẹlòmíràn. Ó tú àṣírí náà, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ náà.

Kò tìtorí èyí kẹ́gàn ewé àti egbò. Ó ń ṣa wọ́n jọ, ó ń dán wọn wò, ó sì ń fi wọ́n tọ́jú aláìsàn.

Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó kú ní 1935. Ọdún 1970 ni a rí ṣọ̀pọ̀ná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé. Àpá àjẹsára rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀pọ̀ àgbà l'Ádó.